Ẹni Tó Bá Béèrè Gbọ́dọ̀ Rà

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀ fún yín, torí bí mo bá fò ó, yóò bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lórí àga mọ́. Òun ni Alábòójútó Àgbà fún Ìnáwó Ará Ìlú, Olùdarí Ìgboyà Inú Ọjà, àti Alága Ìgbìmọ̀ fún Ìdùnnú Àwọn Oníbàárà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà kò gbà á tán, ni wọ́n bá kọ ìyókù sára ògiri. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń rò pé èèyàn mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà, á sì máa yọjú wo ẹ̀yìn ọ̀gá bóyá àwọn méjì tó kù ń bọ̀.

Ará ìlú ò kúkú lo ọ̀kankan nínú àwọn oyè yẹn. Èló-Nìyẹn ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi hàn án, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á gbé àgbọ̀n sókè, á ní, "Èló nìyẹn?" Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ iye rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tó ni nǹkan mọ̀ pé iye yòówù kó jẹ́, kò tó nǹkan lójú òun. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kọ́ ilé, ó pè é wá wò ó, ọ̀gá ò tíì wọlé tó fi ní, "Èló nìyẹn?" Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹnu rẹ̀ ti là kó tó rántí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà.

Ọkùnrin kan wà tí kì í fi ẹ̀yìn ọ̀gá sílẹ̀. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ìwé tó ń kọ kò pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó máa parí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ kó dùn ju bí ọ̀gá ṣe fẹ́ parí rẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá sín, Akọ̀wé á ní atẹ́gùn orílẹ̀-èdè ti yí padà sí rere. Bí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ ronú lórí nǹkan, Akọ̀wé á ti jáde lọ kéde pé ọ̀gá ti ṣe é. Ẹ má fojú di ọkùnrin yìí.

Ní àsìkò tí à ń wí yìí, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, owó oṣù ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ kó tó kí i pé ó dàbọ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ni ará ìlú bá fọgbọ́n sí i. Ẹni tó ń ra odidi ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ààbọ̀. Ilé mẹ́rin ń ka ìwé ìròyìn kan, wọ́n ń gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, bó bá fi máa kan ẹni ìkẹyìn, ìjọba tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà. Bàtà tó yẹ kó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n tún un rán, wọ́n ní kó ṣì máa bá wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì wọ́n ni wíwo ọjà. Tó bá di Sátidé, tọkọtaya á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó dáa, wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á béèrè iye rẹ̀, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì padà sílé tayọ̀tayọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ wà ní òdìkejì ọ́fíìsì ọ̀gá. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníkòkò ló ni ín. Ìkòkò ló fi bẹ̀rẹ̀ ọjà títà, kó tó wá fi abọ́, fáànù, dígí, àga, aago ògiri àti tábìlì ìjẹun kún un. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ dá dúró, ṣọ́ọ̀bù yìí sì ni gbogbo ilé gbójú lé. Onílé ti kìlọ̀ fún un pé bí owó ṣọ́ọ̀bù ò bá wọlé kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, òun fẹ́ fi ibẹ̀ kó sìmẹ́ńtì sí.

Síbẹ̀, Ìyá Oníkòkò kì í lé ẹni tó ń wò. Bàbá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń béèrè iye fáànù kan náà láti ìgbà tí oòrùn ti ń mú. Iye náà ò yí padà rí. Bàbá á mi orí bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, á ní ṣé kò ní wálẹ̀ díẹ̀, Ìyá Oníkòkò á ní kò ní wálẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ. Obìnrin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń béèrè, ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ síbì kan ni. Báyìí ló ṣe ta àga mẹ́ta lọ́dún yẹn fún àwọn tó ti béèrè títí tí wọ́n fi mọ orúkọ igi tí wọ́n fi ṣe é.

Àfi ìgbà tí Mínísítà pe ọ̀gá lórí fóònù. Mínísítà ní òun ń wá igbákejì, ẹni tó bá sì lè jẹ́ kí ará ìlú tún máa náwó lòun máa fi síbẹ̀. Ọ̀gá gbé fóònù kalẹ̀, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníkòkò. Ó rí i pé àwọn èèyàn ń wọlé rẹ́rẹ́, wọ́n ń jáde rẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin àti èmi á ní owó ni ò sí. Ọ̀gá kì í ronú bíi tiwa, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í ṣe ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì ó pe ìpàdé. Ó wọlé lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti dìde, ó sì jẹ́ kí wọ́n dúró títí Akọ̀wé fi ka oyè rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí àrùn tó ń bá ọrọ̀ ajé jà. Ìbéèrè ni. Àwọn ará ìlú ń béèrè iye ọjà, wọ́n ń yó fún un, wọ́n sì ń lọ sílé. Ibi tí ẹnu bá dé, ó yẹ kí ọwọ́ dé ibẹ̀. Láti òní lọ, ẹni tó bá béèrè iye ọjà gbọ́dọ̀ rà á. Àpò ara rẹ̀ ni yóò ti mú owó rẹ̀, kò ní bẹ̀bẹ̀, kò sì ní dá a padà."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹnì kan ní irú ọgbọ́n yìí ò tíì wáyé rí, ẹnì kejì ní kò tilẹ̀ ní wáyé mọ́, ẹnì kẹta, tí kò rí nǹkan tuntun sọ, bú sẹ́kún ayọ̀. Ọ̀gbẹ́ni aṣírò owó kan ló bi wọ́n pé bí èèyàn ò bá mọ iye nǹkan, báwo ló ṣe máa rà á. Ọ̀gá wo Akọ̀wé. Akọ̀wé ní ìgboyà ló máa fi rà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti gbé aṣírò owó náà lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí, kó máa ṣírò wọn níbẹ̀.

Báyìí ni òfin Béèrè-Kí-O-Rà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi agbófinró kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òfin mú àwọn tí kò tíì gbọ́. Ọkùnrin kan kàn fi ẹnu kan iye kọ́bọ́ọ̀dù ni, kọ́bọ́ọ̀dù sì bá a lọ sílé. Yàrá rẹ̀ ò gba òun àti kọ́bọ́ọ̀dù pa pọ̀, ló bá ń sùn sínú rẹ̀. Ọjà tà ní tipátipá, ọ̀gá sì lọ sórí rédíò lọ sọ pé ọrọ̀ ajé ti dìde lórí ibùsùn àìsàn, ó ti ń béèrè bàtà rẹ̀. Mínísítà gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i, pẹ̀lú àwọn oníròyìn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan wá dà rú. Kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́. Àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ bo ẹnu kọjá lójú títì, àwọn ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kí wọ́n má ṣe béèrè ohunkóhun níta, títí kan aago mélòó ló lù. Wọ́n máa ń ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; nílùú yìí, ẹni tó béèrè ló ń ṣìnà bá gbèsè. Bàbá Tíṣà fọgbọ́n ṣe é. Ó dúró níta, ó kọjú sí ojú ọ̀run, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ó dá òun lójú pé fáànù ò lè wọ́n tó iye báyìí báyìí. Ìyá Oníkòkò á wúkọ́ nínú ilé bí iye náà bá kéré jù. Agbófinró mú ẹjọ́ ikọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi kún òfin pé oníṣọ́ọ̀bù ò gbọ́dọ̀ wúkọ́ níwájú oníbàárà.

Oṣù ń parí lọ. Onílé ti wá wọn ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń fojú inú wo ibi tí sìmẹ́ńtì máa wà. Àánú Ìyá Oníkòkò ṣe mí, n kò ní purọ́ fún yín. Obìnrin tí kì í jókòó rí ti wá di ẹni tó ń nu dígí kan láàárọ̀, tó tún ń nù ún lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ wá gbé oúnjẹ fún un, ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni wọlé.

"Ẹnì kan wọlé," ni Ìyá Oníkòkò wí. "Ó ní òun ń wá ilé tó kàn."

Ọjọ́ tí Mínísítà máa dé wá pé. Ọ̀gá wo òdìkejì ọ̀nà, ó rí i pé ṣọ́ọ̀bù dá páropáro, òógùn bò ó. Akọ̀wé fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ẹni bíi ti ọ̀gá ti tó igba oníbàárà fúnra rẹ̀. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fún kálukú ní báàgì tí wọ́n ki bébà sí, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa rìn kiri, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má sì lanu.

Mínísítà dé. Ọkùnrin kúkurú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, bàtà rẹ̀ sì ń mú un lẹ́sẹ̀. Kámẹ́rà àwọn oníròyìn ń kọ mànà. Ìyá Oníkòkò dúró lẹ́yìn káúńtà. Ọ̀gá ṣíwájú, ó ń juwọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì bí ẹni tó ni ibẹ̀, títí tó fi dé ìdí tábìlì ìjẹun kan tó gba èèyàn méjìlá. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Èló nìyẹn?"

Òṣìṣẹ́ kan jẹ́ kí báàgì rẹ̀ bọ́, bébà sì dà sílẹ̀. Ìyá Oníkòkò wo agbófinró, agbófinró wo ilẹ̀, obìnrin náà sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ iye rẹ̀, torí wọ́n kúkú béèrè ni. Akọ̀wé rí i pé ẹ̀rín fẹ́ sọ, ọkàn rẹ̀ ò sì gbà kí wọ́n fi ọ̀gá òun rẹ́rìn-ín. Ó fò síwájú kámẹ́rà.

"Ọ̀gá ti rà á. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mínísítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà nínú ìjọba, òun ò tíì rí ọ̀gá tó ń tẹ̀ lé òfin ara rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀gá lára gan-an. Ká ní ó pa ẹnu dé níbẹ̀, tábìlì kan péré ni ì bá gbé lọ sílé, èmi náà ì bá sì ti lọ sinmi. Àmọ́ ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ fi ìgbéraga bo ìnáwó náà mọ́lẹ̀, ó yí ọrùn sí dígí ńlá kan.

"Èló nìyẹn?"

"Ọ̀gá ti rà á," ni Akọ̀wé wí.

Ọ̀gá ranjú mọ́ ọn. Akọ̀wé rò pé ohùn òun ni kò lọ sókè tó, ló bá tún un sọ kí àwọn tó wà níta lè gbọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ara ọ̀gá ò balẹ̀ mọ́, bí ara rẹ̀ ò bá sì ti balẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wá sí i lẹ́nu. Ó béèrè iye àga onítìmùtìmù. Ó béèrè iye aago ògiri, ó béèrè iye èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó béèrè iye ìkòkò kan tó lè se oúnjẹ odidi ilé ìwé. Nígbà tó yá, ó fi eyín mú ètè rẹ̀ méjèèjì, ó sì jọ pé ó ti bọ́. Ni Mínísítà bá na ìka sí àwo òdòdó kan tó ga tó èèyàn, ó ní ó rẹwà o. Ọ̀gá ò mọ ìgbà tí àgbọ̀n rẹ̀ gòkè.

Ó fa Akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ sí i létí pé ọ́fíìsì ni kó san owó gbogbo rẹ̀. Etí Mínísítà mú ju bàtà rẹ̀ lọ. Ó ní òun ti há òfin náà sórí nínú ọkọ̀, ó sì kà á jáde fún àwọn oníròyìn pé àpò ara ẹni ni. Ọ̀gá jókòó sórí àga tó ti di tirẹ̀, ó kọ sọ́wédowó. Ìyá Oníkòkò ń fi bébà di àwọn aago.

Ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn ọjà náà dé ilé ọ̀gá, àwọn oníròyìn tẹ̀ lé e. Ilé kún débi pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sí yàrá gbọ́dọ̀ rá gba abẹ́ tábìlì kọjá. Ìyàwó ọ̀gá, tó ti ń bá a tọ́jú owó láti fi kọ́ yàrá kún ilé wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ibi tí owó náà já sí.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí ni gbogbo èyí?"

"Ìdàgbàsókè ni," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ bá mi sọ fún Ìdàgbàsókè kó dìde lójú ọ̀nà, mo fẹ́ kọjá."

Ìdí rèé tí ọ̀gá fi lọ bá ìgbìmọ̀ Mínísítà, ó ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun ní gbangba, kí òun lè gba owó òun padà. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Bàbá Tíṣà wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀, ó wá ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gígùn pé ìbéèrè ènìyàn ńlá kì í ṣe ẹgbẹ́ ìbéèrè ará ọjà, pé ìbéèrè tòun jẹ́ ti iṣẹ́, ti ìwádìí, ti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Mínísítà tẹ́tí sí i títí. Ó wá bi í pé nígbà tó dúró nídìí tábìlì yẹn, kí ló ní lọ́kàn.

"Mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn, sà," ni ọ̀gá wí. "Mo kàn béèrè ni."

Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́, kò ṣeé ṣe. Ọkùnrin inú kọ́bọ́ọ̀dù gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbè é. Mínísítà dúró títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀.

"Gbogbo ìlú ló kàn béèrè, ọ̀gá," ló wí.

Ó fagi lé òfin náà níbẹ̀. Ó sì fagi lé ọ̀gá pẹ̀lú. Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀gá yíjú sí Akọ̀wé pé kó bá òun parí ọ̀rọ̀, àmọ́ Akọ̀wé ti wà ní ẹ̀gbẹ́ Mínísítà, ó ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un pé ìlú ò tíì rí bàtà tó rẹwà tó báyìí. Akunlé tí wọ́n ní kó pa orúkọ oyè rẹ́ lára ilẹ̀kùn àti ògiri gba owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Ìyá Oníkòkò san owó ṣọ́ọ̀bù, onílé sì wá ibòmíràn fún sìmẹ́ńtì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èrò kún ibẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, wọ́n béèrè iye gbogbo nǹkan, wọn ò ra nǹkan kan. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ń wúkọ́ láìsí ìdí.

Ọ̀gá àná náà gbé ọjà tirẹ̀ síta, síwájú ilé rẹ̀, àfi tábìlì tó wúwo jù fún un, pé bí òun bá tà á, owó ilé á lè padà. Ó jókòó sáàárín dígí àti àwo òdòdó. Àwọn èèyàn ń kọjá. Òfin ti kú, àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ìdin, á sá. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á sì mẹ́sẹ̀ yá. Ó kọ́kọ́ gbé àgbọ̀n sókè dè wọ́n. Nígbà tó yá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó pẹ̀lú ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè o. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè. Ẹ ò ní rà á, ẹ kàn béèrè."

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sẹ́ni tó dúró. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí obìnrin kan ń kọjá, tí ó dúró, tó fi ìka kan ara dígí náà, tó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, tó sì béèrè iye rẹ̀. Ọ̀gá sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà ní ó dára gan-an, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá sáré wọlé, ó rá gba abẹ́ tábìlì kọjá, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ní ẹnì kan dúró lónìí. Ìyàwó rẹ̀ yíjú padà kíákíá, ó bi í pé ṣé ó rà á.

"Rárá o," ni ọ̀gá wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ dé etí. "Ó béèrè."